Àpá Eyín

Gbogbo Ọjọ́bọ̀, tí mo bá ti dé ibi dígí kẹrin,
mo máa ń bá èémí ènìyàn lórí rẹ̀,
ó rí rogodo, ó funfun,
bí ìgbà tí màlúù bá mí sójú fèrèsé.

Inú dígí yẹn ni owó fàdákà kan sùn sí lórí aṣọ dúdú.
Orí ọba, orí olorì, ọ̀nà kan náà ni wọ́n kọjú sí;
ọba bo olorì mọ́lẹ̀,
imú obìnrin náà àti ètè rẹ̀ nìkan ló yọ létí owó,
bí ẹni tó ń yọjú wòta lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọkọ rẹ̀.
Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n fi gbé pọ̀ kí wọ́n tó rọ ọ́ fún wọn.
Èmi àti Holger lo ogójì ọdún,
a ò rí bàbà.

Asger Ipsen, ọ̀gá wa ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Rønne,
ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ káàdì tó wà níwájú rẹ̀:
Fàdákà. Gíráàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó fara gbọgbẹ́ díẹ̀ létí.
Ẹni tó fi tọrẹ kò fẹ́ ká dárúkọ òun.
Ọgbẹ́ yẹn ń dun Asger bí ẹni pé ara rẹ̀ ló wà.
Ó ní bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni,
iye owó náà ì bá ti di ìlọ́po mẹ́ta.

Gudrun Kofoed ló ni èémí.
Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ó ń wọ bọ́ọ̀sì láti Svaneke,
àpò rẹ̀ ń rùn fún ẹja ṣàwá yíyan.
Kì í wo idà. Kì í wo àwọn aago gàgàrà
tí àwọn baba ńlá wa fi igi kàn.
Tààrà ló ń lọ, á tẹríba, á mí.

Òjò ló dá a dúró lọ́jọ́ kan. Mo ń nulẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.
Kò wojú mi. Ó ní:

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni òkun fi dì.
Ọkọ̀ ò lè jáde, agbẹ̀bí ò lè wọlé.
Petrea ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ dé àfẹ̀mọ́jú,
ó ń gé ètè ara rẹ̀ jẹ.
Bàbá wá igi tínńrín, igi ti di eérú nínú ààrò.
Ló bá ṣí Bíbélì,
ó mú owó tó ti fi pa mọ́ fún ìsìnkú ara rẹ̀,
ó fi há a léyín.
Ó ní, gé e jẹ, Petrea. Ọba ò ní bínú.”

Mo fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo súnmọ́ dígí.
Àpá méjì, kékeré,
bí ibi tí ẹyẹ bà lé lórí yìnyín tó tún fò lọ,
gẹ́ẹ́ níwájú ètè olorì,
àfi bí ẹni pé òun ló ké.

“Mama, ẹ ò ṣe sọ fún Asger?”
Ó rẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ ṣófo,
eyín kan ṣoṣo ló kù lókè.
“Á kọ ọ́ sí káàdì,” ó ní.
Òjò dá. Ó lọ bá bọ́ọ̀sì rẹ̀.

Láti ìgbà náà, dígí kẹrin ni mò ń nu kẹ́yìn lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀.
Tí mo bá dé ibẹ̀, màá dúró, aṣọ ìnudígí lọ́wọ́ mi.
Èémí náà á máa rá lọ fúnra rẹ̀,
á ti etí bẹ̀rẹ̀:
àpá méjì a kọ́kọ́ hàn,
olorì a yọ, imú, ètè.
Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọba ń tẹ̀ lé e jáde.